Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Wo Ni Ó Yẹ Ẹni Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gbà Wọlé?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ojú ọ̀nà Arákalé ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aṣọ rírán àti ìlò kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́fà. Lọ́dún yìí, ènìyàn 44 ni ó gba fọ́ọ̀mù, a sì mú 26 nínú wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri, mo sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Akọ̀wé mi ní kí n kọ "Accepted Students" sí òkè ìwé náà. Ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì ní "Admitted Students" ni ó tọ́. Ọkọ mi tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní "Successful Candidates" ni àwọn máa ń kọ nígbà tiwọn. Èmi fúnra mi tún rí "admittees" nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Èwo ni kí n mú? — Ìyá Oníṣẹ́, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ kọ ránṣẹ́ ni ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí olùkọ́ lè fi báírò pupa fagi lé. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró sí lójú ọ̀nà, láti ọjọ́ tí ó gba fọ́ọ̀mù títí di ọjọ́ tí ó jókòó sí kíláàsì.

Àwa tí a ń ronú ní Yorùbá kí a tó kọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dà láàmú jù, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa kan ṣoṣo, "gbà", ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pín fún ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin. Ilé ìwé gba ọmọ wọlé. Ọmọ gba lẹ́tà. Bàbá gbà láti san owó. Olè gbà pé òun ni òun jí ewúrẹ́ gbé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwé ni ó "admits", ọmọ "receives", bàbá "agrees", olè náà sì tún "admits". Ọmọ tí ó bá sì fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ ààyè tí wọ́n fún òun ti "accepts". Bí a kò bá kọ́kọ́ bi ara wa léèrè pé ta ni ó ń gba ta ni, tàbí ta ni ó ń gba kí ni, ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni a óò mú.

Ọ̀rọ̀ "accepted" ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó léwu jù fún yín. Ní Amẹ́ríkà, bí ènìyàn bá kọ "accepted students", àwọn tí ilé ìwé gbà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ọmọ ni "acceptance" ti dà. Láti 2017 tí JAMB ti gbé ìkànnì CAPS kalẹ̀ fún ètò ìgbaniwọlé, ọmọ tí yunifásítì tàbí pólì bá fún ní ààyè ni yóò fúnra rẹ̀ wọ orí ìkànnì náà lọ, yóò sì tẹ "accept" tàbí kí ó kọ ààyè náà. Lẹ́yìn náà ni òbí yóò wá owó "acceptance fee". Kò sí òbí tí ó ti san owó yìí rí tí kò mọ̀ pé ọmọ ni ó ń "accept", kì í ṣe ilé ìwé. Nítorí náà, bí ẹ bá lẹ "Accepted Students" mọ́ ògiri, àwọn kan yóò rò pé orúkọ àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ mú ni, àwọn mìíràn yóò sì rò pé orúkọ àwọn tí ó ti sanwó tí wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé ni. Ìtumọ̀ méjèèjì ni ó mọ́gbọ́n dání, ìyẹn gan-an ni ó sì burú níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n lẹ ìwé "List of Accepted Students" mọ́ pátákó. Obìnrin kan tí ó wọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ wá rí orúkọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé gbogbo ètò ti parí, pé wọ́n ti ka ọmọ òun mọ́ àwọn tí ó ti gba ààyè. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọmọ náà ṣì ní ìwé kan tí yóò fọwọ́ sí kí gbèdéke tó pé. Nígbà tí wọn yóò fi padà wá, wọ́n ti fi ààyè náà fún ẹlòmíràn, ọmọ náà sì jókòó sílé fún odidi ọdún kan. Títí di òní, n kò lè rí ọ̀rọ̀ náà lórí pátákó kí ojú obìnrin náà máà wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ yín kò ṣìnà pẹ̀lú "admitted". Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kékeré tí ó túmọ̀ sí "sí ọ̀dọ̀" àti òmíràn tí ó túmọ̀ sí "rán" tàbí "jẹ́ kí ó lọ", nítorí náà ẹni tí a bá "admit" ni ẹni tí a ṣílẹ̀kùn fún pé kí ó máa bọ̀. Onílé nìkan ni ó lè ṣílẹ̀kùn, àlejò kò lè ṣí i fún ara rẹ̀, ìdí sì nìyí tí "admitted" kò fi ní ìtumọ̀ méjì tí "accepted" ní lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo fẹ́ yọ kúrò nínú àbá ọmọ yín ni "students". Ẹni tí a ṣílẹ̀kùn fún kò tíì wọlé. Ẹ wo bí àwa fúnra wa ṣe ń ṣe é nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: ọmọbìnrin tí ìdílé méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, àfẹ́sọ́nà ni à ń pè é, a kì í pè é ní ìyàwó ilé títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ ilé ọkọ. Àfẹ́sọ́nà ilé ẹ̀kọ́ yín ni àwọn 26 wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú wọn lè rí iṣẹ́, òmíràn lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Èkó, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Bí ẹ bá ti pè wọ́n ní "students" lónìí, kí ni ẹ óò wá pe àwọn tí ó bá yọjú ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa tí ó bá ń ṣọ́ra máa ń kọ "admitted candidates", n kò sì rí ohun tí ó sàn ju ìyẹn lọ fún yunifásítì.

Ohun tí bàbá sọ sún mọ́ ohun tí èmi náà yóò ṣe. Ibi tí mo ti fẹ́ yà kúrò díẹ̀ ni "candidates". Ọ̀rọ̀ náà wá láti inú Látìn pẹ̀lú, ó sì túmọ̀ sí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun, nítorí pé àwọn tí ó ń du ipò ní Róòmù àtijọ́ máa ń wọ aṣọ funfun báláú jáde lọ bẹ ará ìlú. Òórùn ìdíje wà lára rẹ̀ títí di òní; ìdí nìyí tí ó fi bá ìdánwò àti ìbò mu. Nínú òṣèlú tiwa, a tilẹ̀ tún fi ìyàtọ̀ kún un: ẹni tí ó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ni "aspirant", ẹni tí ẹgbẹ́ bá fà kalẹ̀ ni "candidate". Àwọn ọ̀dọ́ ti mú "aspirant" wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń wá ààyè yunifásítì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n kò yẹ lẹ́tà yín. Bí ẹ bá ṣe ìdánwò fún àwọn 44 náà, ẹ kọ "candidates". Bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n kọ tí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀, "applicants" ni wọ́n, ìyẹn àwọn tí ó béèrè. Ẹ má ṣe kọ "shortlisted" o, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá "shortlist" ṣì wà lára àwọn tí a fẹ́ ṣà nínú wọn, kò tíì bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti "admittees", ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè lóòótọ́. Ìparí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ ní "-ee" yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn amòfin Ìlú Ọba wá, láti inú Faransé tí wọ́n ń sọ ní kóòtù láyé àtijọ́, ó sì ń tọ́ka sí ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan fún tàbí sí: "payee" ni ẹni tí a sanwó fún, "employee" ni ẹni tí a gbà síṣẹ́. Àwa náà mọ "enrollee" dáadáa láti ìgbà tí ètò adójútòfò ìlera ti dé. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ fẹ́ lẹ mọ́ ògiri ní Arákalé kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀dọ́ kan yóò dúró níwájú rẹ̀ tí yóò máa rò ó bóyá orúkọ àìsàn ni. Ẹ fi sílẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tí ẹ nílò ni "trainees", kì í sì í ṣe nísinsìnyí.

Ẹ lè gbọ́ "offer holder" lẹ́nu àwọn tí ọmọ wọn ń lọ sí Ìlú Ọba. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí ni lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín, nítorí pé yunifásítì wọn máa ń fún ọmọ ní ààyè kí èsì ìdánwò A-level tó jáde ní oṣù kẹjọ, pẹ̀lú àdéhùn pé bí ó bá rí máàkì báyìí báyìí, ààyè náà di tirẹ̀. Ẹni tí ó di ìlérí mọ́wọ́ ni "offer holder". Ó wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ètí wa.

Ohun tí èmi yóò kọ nìyí bí mo bá wà ní ipò yín. Lókè ìwé orí ògiri, "Successful Applicants". Lábẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣìnà: "The following applicants have been offered a place on the six-month course. Each must sign and return the letter of offer before the closing date." Ẹ kọ ọjọ́ náà gan-an síbẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ ní "closing date" lásán. Nínú lẹ́tà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "We are pleased to offer you a place", nítorí pé ọ̀rọ̀ "offer" ń sọ fún ẹni tí ó ń kà á pé ọwọ́ yín ni nǹkan ti jáde, ọwọ́ tirẹ̀ ni ó kù kí ó nà. Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i tí ẹ sì kọ orúkọ wọn sínú rẹ́jísítà, ìgbà náà ni wọ́n "enrolled". "Enrol" kò ju kí a kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé orúkọ lọ, ó sì dùn mọ́ mi pé èdè Yorùbá ní "forúkọ sílẹ̀" tí ó bá a dọ́gba rẹ́gírẹ́gí. "L" kan ṣoṣo ni àwọn ará Ìlú Ọba fi ń kọ "enrol" àti "enrolment", méjì ni ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n níbi "enrolled", méjì ni ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa pè wọ́n ní "trainees" títí wọn yóò fi ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Bí ẹ bá sì nílò orúkọ kan fún gbogbo wọn lápapọ̀, "this year's intake" dára púpọ̀. "Cohort" náà ń gbòde, kò burú, ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ ni. Ènìyàn kan ṣoṣo kì í jẹ́ "a cohort".

Ìbéèrè: Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi obìnrin rí lẹ́tà "provisional admission" gbà láti yunifásítì kan. Mo fẹ́ kí ìjọ bá mi dúpẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí wọn yóò kà pé "she has matriculated". Akọ̀wé ìjọ ní irọ́ ni mo pa, ó sì dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ṣé irọ́ ni? Àti pé "provisional" yẹn, ṣé wọ́n lè gbà á padà ni? — Bàbá kan ní Yábà, ìlú Oǹdó.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ kò pa irọ́, ọ̀rọ̀ yín ni ó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. "Matriculate" wá láti inú orúkọ Látìn tí wọ́n ń pe rẹ́jísítà kékeré. Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ tí àwọn ọmọ tuntun bá wọ gáùn, tí wọ́n búra pé àwọn yóò pa òfin yunifásítì mọ́, ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé ọgbà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí pé ohun méjì ni ìgbàwọlé àti "matriculation", orúkọ JAMB fúnra rẹ̀ ni ẹ ó wò. Láti 1978 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, Joint Admissions and Matriculation Board ni: "admissions" wà níbẹ̀, "matriculation" náà sì dá dúró. Nígbà tí ìjọba dá FUTA sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, ó bá àjọ náà nílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yìí.

N kò bá yín wí rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í dúró sójú kan. "M" tí ó wà nínú UTME dúró fún "Matriculation", bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánwò tí ọmọ ń ṣe kí ó tó wọlé ni. Ní South Africa, "matric" ni ọdún ìkẹyìn ilé ìwé girama. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti "matriculate", yálà ó wọ gáùn tàbí kò wọ̀ ọ́. Àwa so tiwa mọ́ ọjọ́ ayẹyẹ náà, gbogbo ẹni tí ó bá sì jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì yín yóò rò pé ọmọ yín ti wọ gáùn. Ní ìlú Oǹdó pàápàá, níbi tí yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ wa wà, ẹ tún ṣọ́ra fún "inducted": ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, òpin ẹ̀kọ́ ni "induction" máa ń wáyé, nígbà tí wọ́n bá ń gbà wọ́n sínú iṣẹ́. Mo ti rí òbí tí ó kọ ọ́ fún ọmọ tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwé.

"Provisional" túmọ̀ sí pé ààyè náà ní àdéhùn lára. Wọn yóò yẹ èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ wò, wọn yóò wo ìwé ọjọ́ ìbí àti àwọn ìwé mìíràn, kí wọ́n lè rí i pé ohun tí ó kọ sí fọ́ọ̀mù ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n lè gbà á padà bí nǹkan bá wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìwé rẹ̀ pé kò ní ìdí láti bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé gbogbo ọmọ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ẹ rí i pé ó ti tẹ "accept" lórí CAPS, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀ sí ojú kan.

Kí ẹ kọ fún ìjọ pé "she has been offered admission to study", kí ẹ wá fi orúkọ ẹ̀kọ́ náà tẹ̀lé e. Ọpẹ́ náà kò dín kù. Bí ọjọ́ gáùn bá dé, ẹ tún lè dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú "matriculated", akọ̀wé ìjọ kò sì ní rí ohun kan sọ.

Ìbéèrè: Ṣé "admitted to", "admitted into" tàbí "admitted on" ni? Ṣé "admittance" àti "admission" jẹ́ ọ̀kan náà? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ̀yìn Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: "Admittance" jẹ́ ti ẹnu ọ̀nà tí a lè fojú rí: ibi tí wọ́n bá kọ "No admittance" sí, kí o má wọ ibẹ̀. Ti ilé ìwé ni "admission".

Fún ilé ìwé fúnra rẹ̀, kọ "admitted to". Gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó ń kọ "gained admission into", kò sì sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí yóò ti ilẹ̀ yìí jáde, "admission to" ni n óò fún ọ. Ní ti "on", ara kọ́ọ̀sì ni ó ń bá lọ, kì í ṣe ara ilé ìwé. Àwọn ará Ìlú Ọba ń sọ pé "accepted onto a course", "a place on a course", "enrolled on a course". Àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ pé "admitted to a program" àti "enrolled in a course", nítorí pé lọ́dọ̀ wọn, "course" kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lọ kà fún ọdún mẹ́rin; iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ìdánwò tirẹ̀ ní òpin sáà ni. Àwa ń lo ọ̀rọ̀ náà fún méjèèjì: a ń bi ọmọ pé kọ́ọ̀sì wo ni ó ń kà, ó ní Microbiology, ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ní òun fẹ́ lọ fi "course form" sílẹ̀, kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bí o bá ń kọ̀wé sí yunifásítì Amẹ́ríkà, tí o sì kọ pé o fẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ sí "a course in Microbiology", wọ́n lè rò pé kíláàsì kan ṣoṣo ni o fẹ́ wá jókòó sí. Kọ "program" sí wọn, kí o sì kọ ọ́ láìsí "me" ní ìparí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń kọ ọ́.